Ayùn Tó Fi Ọdún Méjì Sùn Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Ṣómólú ni wíwá àṣìṣe. Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà. Kí ìwé kankan tó gun orí ẹ̀rọ, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé e fún, kí n fi bíìrò pupa wá ibi tí àmì ti sọnù àti ibi tí lẹ́tà kan ti jókòó sípò òmíràn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ń rí àṣìṣe ẹlòmíràn lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, bó pẹ́ bó yá, yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe é. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ tí mo gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí irú ayùn bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹni tí kò ní oko, tí kò ní igbó, tó ń gbé yàrá méjì ní àdúgbò Ladi-Lak létí ọ̀sà Èkó. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ japa lọ sí òkè òkun. Bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí pálọ̀, ó ní kí àwa tó mọ òun wá rà á kí òun tó pe àwọn àjèjì. Ẹnì kan ra fíríìjì. Ẹnì kan ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi lọ dúró síwájú ayùn kan tó pupa bí ata rodo, èyí tí ọ̀rẹ́ mi máa ń gbé lọ sí oko bàbá rẹ̀ nígbà kan rí. Mo rí ara mi lójú inú: mo wọ bàtà òjò, mo gbé ayùn dání, igi ńlá kan ń wó lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú mi, àwọn ènìyàn sì ń wò mí. Mo rà á.

Aránṣọ ni ìyàwó mi, kì í sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí mo gbé e wọlé, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó wò ó.

Ó ní, "Àwọn ènìyàn ra fíríìjì. Dádì wá ra ayùn."

Mo ní, "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó padà sídìí ìránṣọ rẹ̀.

Kí n má purọ́, ọjọ́ kan dé lóòótọ́. Lọ́dún tí mo rà á gan-an, ìjì òjò wó igi máńgòrò kan dí ọ̀nà àdúgbò wa, kẹ̀kẹ́ Márúwá kò lè kọjá. Mo gbé ayùn jáde, mo gé igi náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọ̀nà là. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Mo máa ń dáhùn bí ẹni pé ohun tí mo máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo gbé ayùn náà sábẹ́ àtẹ̀gùn bó ti wà, pẹ̀lú ìyókù epo tí ọ̀rẹ́ mi bá mi rọ sínú rẹ̀, mo kó àwọn bébà tí mo máa ń gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún méjì kọjá lórí rẹ̀.

Igi fúrúùtù kan, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, wà nínú ọgbà ilé wa. Lẹ́yìn ògiri tó wà nídìí igi yìí ni ìyá ẹlẹ́ja kan ti ń yan ẹja lábẹ́ àgọ́ onípáànù. Ará Ìlàjẹ ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń pẹja bọ̀ láti inú ọ̀sà, òun á sì yan án. Èdè Ìlàjẹ ló fi máa ń bá àbúrò rẹ̀ jà, Yorùbá Èkó ló fi máa ń kí àwa tó kù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìjì jà lọ́sàn-án, ó fa ẹ̀ka ńlá kan ya lára igi fúrúùtù náà. Ẹ̀ka náà kò já tán. Ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ igi, ó wá da ara dé orí ògiri, orí rẹ̀ yọ sí òdìkejì, ó ń mì lókè páànù ìyá ẹlẹ́ja. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá náà wá kan ilẹ̀kùn wa. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde láìgbé ìwé sábẹ́ apá.

"Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀ka igi yín fẹ́ wá bá mi jókòó nídìí ààrò."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo ti rí i. Mo ti pe onílé lórí fóònù, ó ní ká gé e."

"Àwọn kan wà létí omi tó mọ igi í gùn. Àdá ni wọ́n máa ń lò. Ṣé kí n ránṣẹ́ sí wọn?"

Ibí yìí ló yẹ kí n ti ní, "Ẹ ránṣẹ́ sí wọn, Màmá, ẹ ṣeun." Gbólóhùn náà kò gùn, kò sí ọ̀rọ̀ tó le nínú rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ní ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Màá kó ẹja kúrò lórí ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo hú ayùn jáde nínú bébà. Mo fi aṣọ nù ún, ó tún pupa. Mo gbé e lé ilẹ̀ nínú ọgbà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ mi, mo fa okùn rẹ̀. Kò dáhùn. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo fà á dé ogún, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó tú èéfín funfun lé mi lójú, ó sì dákẹ́. Inú mi dùn. Mo bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó mi tó wà lójú fèrèsé.

Mo ní, "Ó ti ń gbọ́ràn."

Ó gbọ́ràn lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ni. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jí, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa dún lọ. Àmọ́ bí mo bá ti tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè sáré, á gbin, á kú. Mo tún un fà. Á jí. Mo tún un tẹ̀. Á kú. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú ní bálíkónì. Ẹnì kan láàárín wọn bi mí bóyá epo wà nínú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn tí mo máa ń fi bá àwọn oníbàárà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́mà àti àmì ìdánudúró sọ̀rọ̀. Mo ní epo wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹni bí tèmi máa ń ṣe nígbà tí apá rẹ̀ kò bá ká nǹkan ni kó wá ìwé. Mo rí ìwé ìtọ́nisọ́nà ayùn náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn gidi á kà á lórí fóònù. Èmi wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi padà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣómólú, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn ní ibi iṣẹ́ mi, mo fi ọ̀rá tó ń dán bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi wáyà olóróbótó dì í lẹ́yìn. Ìwé náà rẹwà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo ṣí i, mo mú bíìrò pupa jáde lápò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń gbàgbé lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀, kò sì mọ ibi tó yẹ kí kọ́mà wà. Nígbà tí mo fi máa dé Ladi-Lak, mo ti rí àṣìṣe mọ́kànlá. Kò sí èyí tó kan ẹ́ńjìnnì nínú wọn.

Mo jókòó sórí àpótí nínú ọgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ìwé ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo yọ ọ́, mo fi bébà oníyanrìn ha á títí ó fi ń dán. Ìwé ní kí n fọ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sínú oòrùn. Ìwé ní kí n tú irin gígùn tí ṣéènì eléyín ń yí ká, kí n gbọn lẹ́búlẹ́bú igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ dànù. Lẹ́búlẹ́bú igi máńgòrò ọdún méjì sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ó ti di bí amọ̀. Mo kó o kúrò, mo da ṣéènì padà síbi tó wà, mo di gbogbo rẹ̀ pinpin. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ epo. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ wa, mo da epo tuntun lé orí èyí tó wà nínú ayùn títí ó fi kún dẹ́nu.

Ó jí ní fífà kẹta. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sáré, ó ké fíìì bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi kú. Mo tún un fà. Ó ké, ó kú. Mo ń múra láti fà á lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá ẹlẹ́ja lẹ́yìn mi. Ó ti gba ẹnu géètì wọlé.

"Akọ̀wé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ti fẹ́ di wákàtí mẹ́rin."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó kù díẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí, mo ti nù ún."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ìdérí ibi tí epo wà, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìgbà wo lo ti rọ epo sínú nǹkan yìí?"

"Ní àìpẹ́ yìí ni."

"Akọ̀wé."

"Bí ọdún méjì sẹ́yìn, Màmá. Àmọ́ mo ti da tuntun lé e."

"O da ẹ̀kọ tuntun lé ẹ̀kọ tó kan, o ní kí ọmọ mu ún. Gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra rẹ."

Mo gbọ́ ọ. Kò rùn bí epo mọ́, ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé.

Ó ní, "Ọ́ìlì tó yẹ kó wà nínú epo ńkọ́?"

Mo tọ́ka sí ìdérí kejì lára ayùn náà. Mo ní, "Ọ́ìlì wà nínú ibi tiẹ̀, ó kún."

"Ìyẹn ni ti ṣéènì, kó má baà gbẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì tirẹ̀ sí. Inú epo ni wọ́n ń pò ó mọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ lásán lo ń fún un yìí. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń ké? Bó bá fi ké bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó máa gan pa, o máa wá fi dí ilẹ̀kùn. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa náà ṣe rí nìyí. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé ó ti fi "ẹ" sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé àdúgbò, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ìwé tó wà lábẹ́ apá mi. Lọ́jọ́ yẹn mo di "ìwọ". N kò bínú. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ń pa ẹ̀rọ ara rẹ̀, "ìwọ" tọ́ sí i.

Ó ní kí n da gbogbo epo náà sínú ike, kí n má dà á sílẹ̀ níbi tí àwọn adìẹ ń jẹ̀. Ó fi wáyà tó tẹ̀ kọ́rọ́ fa nǹkan kan jáde láti ìsàlẹ̀ ibi tí epo wà. Asẹ́ kékeré ni, ó rọ̀ mọ́ ẹnu rọ́bà tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ti dúdú, ó sì le. N kò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Mo ṣí ìwé mi, mo rí i ní ojú ewé kẹsàn-án. Mo ti fi bíìrò pupa tún ìlà kan ṣe nísàlẹ̀ ojú ewé yẹn.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé sípánà wá, ó tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Nǹkan kan ti dì sínú rẹ̀, ó pọ́n, ó lẹ̀ mọ́ra bí oje igi.

"Wò ó," ló wí. "Epo tó bá sùn pẹ́, omi inú rẹ̀ á lọ, èyí tó bá kù á di gọ́ọ̀mù. Ihò tí epo ń gbà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá dí díẹ̀, epo tó ń kọjá á tó fún ẹ̀rọ láti mí, kò ní tó fún un láti sáré. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú bí o bá ti tẹ̀ ẹ́."

Mo sáré wọlé lọ mú abẹ́rẹ́ ìyàwó mi. Ìyá ẹlẹ́ja gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í gún aṣọ ara rẹ̀ níbi èjìká, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ á fẹ ihò náà. Bí ihò bá ti fẹ̀, o ò ní rí i dín kù mọ́."

Ó rẹ kabúrétọ̀ sínú abọ́ epo tuntun. Bí a ti ń dúró kí gọ́ọ̀mù náà rọ̀, mo bi í pé níbo ló ti kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Ó jókòó sórí àpótí mi.

Ó ní, "Ọdún kan wà tí àìsàn dá ọkọ mi dúbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, a ò wò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, inú wa dùn débi pé a ò ro tẹ́ńjìnnì. A gbé e sídìí ọkọ̀, ó ṣiṣẹ́, a kó àwọ̀n. A dé àárín ọ̀sà, níbi tí ilé á ti máa dà bí ìlà lójú rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bíi tìrẹ yìí. Ó kú. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ síbi tí a ò fẹ́. Ọkọ mi ò tíì lágbára, bó bá di àjẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Èmi ni mo fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ yẹn délé. Ọwọ́ mi méjèèjì bó."

Mo ní, "Ẹ kú ewu, Màmá."

"Lọ́jọ́ kejì mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó ní ìyàwó òun ò ní máa tú ẹ́ńjìnnì káàkiri. Mo ní ìyàwó rẹ̀ náà ò ní tu ọkọ̀ mọ́. Ló bá kọ́ mi. Nígbà tó fi máa kú, èmi ló kù tí gbogbo etí omi ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn wá bá."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò wá àánú. Ó yọ kabúrétọ̀ nínú epo, ó fi fọ́nrán okùn àwọ̀n kan wọ inú ihò náà lọ bọ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e sókè kó lè rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Mo pa ìwé mi dé. Mo fi sábẹ́ àpótí kí oòrùn má baà pa á.

Ó ránṣẹ́ sílé rẹ̀ fún ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀. Ó fi ìdérí ike wọ̀n ọ́n, ó dà á mọ́ epo tuntun, ó mì ín bí ẹni ń mi oògùn ọmọdé. Ó fọ asẹ́ náà, ó dá a padà, ó di kabúrétọ̀ pa, ó rọ epo. Ó ní, "Fà á."

Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó jí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sáré. Mo fi í sílẹ̀, ó rọlẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún sáré. Kò wúkọ́ mọ́. Àwọn tó wà ní bálíkónì pàtẹ́wọ́. Ká ní mo lọ́gbọ́n, mo ì bá yíjú sí ìyá ẹlẹ́ja kí n ní òun ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Èmi ni mo na ọwọ́ sókè.

Àbúrò ìyá náà ti dé láti orí omi. Ó gun igi, ó fi okùn ọkọ̀ so ẹ̀ka náà mọ́ ìtì igi lókè, kó má baà já lu páànù. Mo gun orí búlọ́ọ̀kù méjì, mo wọ bàtà òjò mi, mo gbé ayùn sókè, mo gbé e lé ẹ̀ka náà.

Ó pariwo. Ó rú èéfín. Ẹ̀ka náà kò mira. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, èéfín náà pọ̀ sí i, ó ń rùn bí ìgbà tí omorogùn bá jó lórí iná. Nígbà tí mo gbé ayùn kúrò, ojú ibi tí mo ti ń gé kò jìn ju ibi tí wọ́n fi ṣíbí ha lọ. Ó kàn dúdú, ó sì ń dán. Mo tún un gbé lé e. Bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́ ní bálíkónì. Mo sọ fún gbogbo wọn pé igi fúrúùtù le ju igi máńgòrò lọ.

Ìyàwó mi jáde wá, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dádì, ẹ pa á ná. Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

"Kí lo mọ̀ nípa ayùn?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ayùn. Mo mọ eyín. Eyín wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi tó ń fa aṣọ lọ. Ibi tí eyín bá kọjú sí ni aṣọ ń lọ. Ẹ wo eyín eléyìí. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọjú sí. Ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí kí ẹ tó tú u?"

Mo lọ yọ ìwé mi lábẹ́ àpótí. Ojú ewé kẹtàdínlógún ni. Àwòrán ṣéènì wà níbẹ̀, ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ọfà kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń tọ́ka síbi tó yẹ kí eyín kọjú sí. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, mo ti fi bíìrò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbàgbé lẹ́tà nínú rẹ̀, mo sì ti kọ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára.

Mo fi ìwé náà han ìyàwó mi. Ó wo àwòrán, ó wo bíìrò pupa. Ìyá ẹlẹ́ja kọ ẹ̀yìn sí wa bí ẹni tó ń wo ààrò rẹ̀ láti orí ògiri, àmọ́ mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo tú ṣéènì, mo yí i padà. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó fi ìka kan tọ́ eyín rẹ̀ wò kí n tó dì í. Mo padà sórí búlọ́ọ̀kù. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ayùn ṣe kan igi, lẹ́búlẹ́bú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ka náà ké, ó dà sílẹ̀, okùn gbà á dúró, àbúrò ìyá náà sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀ nínú ọgbà wa. Kò kan páànù kankan. Ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìyàwó mi ló wo aago. Ó ní, "Dádì, ẹ tiẹ̀ jèrè ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo wo ilẹ̀, ó jìn lójú mi. Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ wo igi náà dáadáa láti òkè. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù méjì, tí kò ga ju àpótí lọ, títí àbúrò ìyá ẹlẹ́ja fi na ọwọ́ sí mi. Mo di ọwọ́ náà mú.

Mo gé ẹ̀ka náà sí kéékèèké. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí n kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n gbẹ kí òun tó fi dáná, pé igi tútù á mú kí ẹja korò. Kó tó lọ, ó dúró lé mi lórí títí mo fi da epo tó kù nínú ayùn jáde, tí mo sì tún un tan kó lè jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ tán, kó kú fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà yìí ló tó gbé e pamọ́." Ó wá yọ abẹ́rẹ́ ní èjìká rẹ̀, ó fún ìyàwó mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ẹja ọ̀bọ̀kún méjì ránṣẹ́ sí wa, gbígbóná. Ẹ̀bà la fi jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, ìyá ẹlẹ́ja kò padà sí "ẹ" mọ́. Ó tún wá ní iṣẹ́ kan fún mi. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ bá ń ṣe wàhálà ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń ránṣẹ́ pè mí sétí omi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí mo rò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n di abọ́ mú, kí àwọn nọ́ọ̀tù tó bá tú lára ẹ́ńjìnnì lè máa bọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà bọ́ sínú ọ̀sà. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo máa ń di abọ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì máa ń bi í léèrè ohun tí èyí ń ṣe àti ohun tí tọ̀hún ń ṣe. Ó máa ń dáhùn bí ó bá wù ú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bi í nípa awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà nínú kabúrétọ̀, mo tẹ̀ síwájú kí n lè rí i dáadáa, abọ́ náà dà. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta bọ́ sínú ọkọ̀. Ọ̀kan bọ́ sínú omi, ó dún tọ́, ó sì lọ.

Ìyá ẹlẹ́ja wo ojú omi. Àbúrò rẹ̀ wo ojú omi. Èmi náà wò ó.

"Mẹ́rin ni wọ́n," ni mo wí.

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ ìjókòó, ó kún fún àlòkù nọ́ọ̀tù, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Wá èyí tó jọ ọ́ jáde. Má yára. Wò ó dáadáa."